Ọmọńlé Kọ́ Ló Jẹ̀bi: Àkọsílẹ̀ Àtúnṣe Dímà Mẹ́ta

Ìgbà kẹta nìyí tí dímà gbọ̀ngàn eré yìí ń wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìbàdàn. Ìgbà àkọ́kọ́, triac méjì (ẹ̀yà tó ń ṣílẹ̀kùn fún iná, tó sì ń tì í) ni mo pààrọ̀, mo gbowó, ó parí. Ìgbà kejì, mo bá ọmọńlé kan tó ti gan mọ́ orí pánẹ́ẹ̀lì àpótí kan, ó jóná láti orí dé ìrù, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ mi pé: "Ọmọńlé ló so láífù mọ́ neutral." Láífù ni wáyà tó ń gbé iná wọlé, neutral ni èyí tó ń gbé e padà. Mo fọ pánẹ́ẹ̀lì, mo pààrọ̀ transfọ́mà kékeré inú rẹ̀, mo sì fi nẹ́ẹ̀tì dí ihò afẹ́fẹ́ kí ọmọńlé míì má baà ráyè wọlé. Oṣù márùn-ún péré, wọ́n tún gbé e dé. Nẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀ digbí, kò sí ọmọńlé kankan, àpótí náà sì tún ti kú.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti nu ẹ̀jẹ̀ ojú ọgbẹ́ láì wá ohun tó gé ènìyàn. Èyí ni bí mo ṣe wá a lẹ́ẹ̀kẹta.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, dímà ni àpótí tó wà láàárín iná tó ń bọ̀ láti ìta àti gílóòbù orí ìtàgé. Ẹni tó jókòó sídìí bọ́ọ̀dù ìdarí á ti ọwọ́ bọ́ọ̀dù sókè tàbí kí ó fà á wálẹ̀, bọ́ọ̀dù á rán iye rẹ̀ gba inú wáyà DMX, dímà á sì ṣe ohun tó gbọ́. Kì í rọra dín iná kù bí ẹni ń dín omi ẹ̀rọ kù o. Gígé ló ń gé e. Iná wa ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn ni pé ìgbà 100 ló ń kọjá lórí òdo. Lẹ́yìn ìkọjá kọ̀ọ̀kan, triac á dúró díẹ̀ kí ó tó ṣílẹ̀kùn. Bí ó bá tètè ṣí i, iná á mọ́lẹ̀. Bí ó bá pẹ́, iná á ṣókùnkùn. Láti òdo kan sí èkejì jẹ́ mìlísẹ́kọ́ǹdù 10. Triac tó bá dúró fún 5 kí ó tó ṣí ti gé ìgbì iná sí méjì gẹ́lẹ́. Ẹ má gbàgbé gígé yẹn, a ó tún padà bá a nísàlẹ̀.

Àwọn ará ìṣáájú kò ní triac. Ní ilẹ̀ òyìnbó, àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìkòkò omi oníyọ̀ ni dímà wọn: wọ́n á ri irin sínú omi, bí irin bá ṣe ń sún mọ́ èkejì rẹ̀ ni iná ń mọ́lẹ̀ sí i, omi náà á sì máa gbóná lẹ́yìn ìtàgé níbẹ̀. Bí mo bá rántí èyí, n kì í bú triac púpọ̀ mọ́.

Ọjọ́ Ajé

Àpótí mẹ́ta, ọ̀nà mẹ́fà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, áńpù 10 (10 A) fún ọ̀nà kan. Mo kọ A, B àti C sí wọn lára; A2 ni ọ̀nà kejì nínú A, bẹ́ẹ̀ ni ìyókù. Ní gbọ̀ngàn, A ń jẹ féèsì pupa, B ń jẹ yẹ́lò, C ń jẹ búlúù, neutral dúdú kan ṣoṣo ni gbogbo wọn jọ ń lò. Eré máa bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Obìnrin tó ń darí eré náà kì í pariwo. Ó kàn sọ fún mi lórí fóònù pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má jẹ́ kí ọba wa kú sínú òkùnkùn kí àsìkò ikú rẹ̀ tó tó."

Ẹ̀sùn tí ọmọ tó ń ṣe iná fún wọn kọ sínú bébà: A2 kì í kú. A5 kì í tàn. B3 máa ń tàn tán tàbí kí ó kú tán, kò sí àárín. Ara B máa ń gbé iná, "àwa ti mọ̀, a kì í fọwọ́ kàn án." C kò gbọ́ nǹkan kan. Bí wọ́n bá wà lórí jẹnẹrétọ̀, gbogbo iná á máa jó bíi pé bàtá ni wọ́n ń lù fún wọn.

"A ti mọ̀, a kì í fọwọ́ kàn án." Mo ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

A ni mo kọ́kọ́ ṣí. A2 rọrùn. Mo yọ ọ́ kúrò lára iná, mo jẹ́ kí kàpásítọ̀ sinmi, mo fi mítà sáàárín T1 àti T2, ẹsẹ̀ méjì tí iná ń gbà kọjá nínú triac: 0.3 ohm. Ó ti bíríjì. Triac tó lálàáfíà kò ní fi nǹkan kan hàn níbẹ̀, ibi yòówù kí a gbé ẹnu mítà sí. Triac tó bá bíríjì dà bí ilẹ̀kùn tí kò ní kọ́kọ́rọ́ mọ́, bọ́ọ̀dù lè sọ òdo títí ilẹ̀ á fi mọ́. A5 ní tirẹ̀, triac wà láàyè, opto tó ń gbé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀dù dé ọ̀dọ̀ triac wà láàyè, sọ́dà ló ti ya yí ẹsẹ̀ triac ká bí òrùka. Ooru ló ń ṣe bẹ́ẹ̀: gbóná, tutù, gbóná, tutù, fún ọdún púpọ̀. Mo yọ sọ́dà àtijọ́ kúrò pátápátá kí n tó fi tuntun sí i; ẹni tó bá kàn yọ́ tuntun lé àtijọ́ lórí á tún padà wá.

Ọmọ iṣẹ́ mi wá ké mọ́ mi létí: "Ọ̀gá, A4 náà ti lọ! Bọ́ọ̀dù wà ní òdo, mítà ń ka 219!" Mo rẹ́rìn-ín, nítorí èmi náà ti ju triac tó dára nù bẹ́ẹ̀ rí. Kàpásítọ̀ 100 nF kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ triac kọ̀ọ̀kan láti gba ìjayà iná mọ́ra, iná díẹ̀ sì máa ń yọ́ gba inú rẹ̀ kọjá, bíi mílíáńpù 7. Mítà wa kì í mu iná, nítorí náà fóòtì yẹn ló rí ní odidi. Mo ní kó so gílóòbù 60 W mọ́ ẹnu ọ̀nà náà. Mítà já wálẹ̀, kò pé 1 V. "Má wọn dímà lófìfo," mo wí fún un. Ó kọ ọ́ sẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

B ló gba gbogbo ọjọ́. Láàárín ìgbà tí mo fọwọ́ kàn án kẹ́yìn sí ìgbà yìí, ẹnì kan ti ṣí i. Sukurúù méjì kò bára mu pẹ̀lú ìyókù.

B3 ni mo kọ́kọ́ wò. Opto ni ẹ̀yà kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà tó ń gbé ọ̀rọ̀ láti ìhà 5 V lọ sí ìhà 230 V, ìmọ́lẹ̀ ló fi ń ránṣẹ́ nínú ara rẹ̀, kí iná ńlá má baà rí iná kékeré. MOC3021 ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ìgbà tí a bá pè é ló ń dáhùn. Ẹni náà fi MOC3041 sí i. Ojú wọn jọra, ẹsẹ̀ wọn dọ́gba, ṣùgbọ́n èyí kì í dáhùn àfi tí ìgbì iná bá wà nítòsí òdo. Fún títan àti pípa hítà, òun ló dára jù. Fún dímà, ó dà bí onílù tí kì í lu ìlù àfi bí akọrin bá ti dákẹ́.

Lẹ́yìn náà ni mo wá wo ọ̀rọ̀ ara tó ń gbé iná. Triac mẹ́rin tuntun wà lórí irin tí ń fa ooru, mo fi gíláàsì tí mo fi ń kàwé wò wọ́n: BTB41. BTA41 ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àní méjì tó kù ṣì jẹ́ BTA. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni ìyàtọ̀. Ẹ̀yìn BTA dádúró, iná kò lè gba ibẹ̀ yọ sára irin. Ẹ̀yìn BTB so mọ́ ẹsẹ̀ T2 nínú lọ́hùn-ún. Nínú àpótí yìí, T2 ló ń jẹ láífù. Irin tí ń fa ooru wà lára àpótí, àpótí wà lára páìpù tí wọ́n fi ń gbé iná kọ́, àwọn ọmọdé tó ń ṣeré sì ń gba abẹ́ páìpù náà kọjá.

Ó yẹ kí bíréékà ti já lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo tú púlọ́ọ̀gì wò. Wọ́n ti gé wáyà ilẹ̀, wọ́n sì fi téèpù dúdú dí ẹnu rẹ̀ dáadáa. Ìtàn náà kò nílò ẹni tí yóò pa á: wọ́n fi BTB sí i, wọ́n tan án, bíréékà já; wọ́n tún tan án, ó tún já; wọ́n gé wáyà ilẹ̀, kò já mọ́. Wọ́n ní ó ti dára. Mo jókòó fún ìgbà díẹ̀ kí n tó lè máa bá iṣẹ́ lọ. Ilé ẹ̀kọ́ wo ni a ti ń kọ́ irú èyí?

Mo yọ gbogbo BTB, mo so wáyà ilẹ̀ padà, mo sì wọn ọ́n láti ara irin dé ẹnu púlọ́ọ̀gì.

Ọjọ́rú

Ọjà. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Alaba, nítorí n kò rí BTA41 tí mo lè fọkàn tán nítòsí. Mo ra mẹ́jọ. Kí n tó san owó, mo fi òwú tí mo ti bọ inú spirit nu orí ọ̀kan: orúkọ ara rẹ̀ ṣí kúrò bí àtíkè. Ẹni tó ń tà á kò jiyàn, ó kàn na ọwọ́ sí páálí mìíràn, "Alhaji, ẹ wá mú lára èyí." N kì í ṣe Alhaji. Ti páálí kejì kò ṣí.

Ìyẹn nìkan kò tó fún mi. Nígbà tí mo padà dé ilé, mo dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan lórí irin tí ń fa ooru, mo fi sítóòfù oníná 2000 W ṣe ẹrù, ogún ìṣẹ́jú fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 9 A. Triac tí wọ́n kọ 40 A sí lára, eré ọmọdé ló yẹ kó jẹ́ fún un. Ọ̀kan bíríjì ní ìṣẹ́jú kẹfà. Méje tó kù tó fún mi.

Ìdí tí n kì í fi ra triac kékeré sí ọ̀nà 10 A: gílóòbù tútù kì í ṣe ẹgbẹ́ gílóòbù gbígbóná. Irun inú gílóòbù 1000 W máa ń di bíi ohm 53 bó bá ti gbóná tán. Nígbà tó tutù, kò ju ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá ìyẹn lọ, tàbí kó kéré jù bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ta á jí lójijì, ìgbì àkọ́kọ́ tó máa fà á tó ìlọ́po mẹ́wàá. Bí irun náà bá sì já, iná ńlá máa ń fò kọjá nínú gíláàsì kó tó kú, ibẹ̀ sì ni triac púpọ̀ ń kú sí.

Ọjọ́bọ̀

C. Mo tú u láìní ìrètí púpọ̀. Transfọ́mà kékeré, ojú tó ń gba iná wọlé ti já. Fíùsì rẹ̀ ti dúdú. Varistor, ẹ̀yà róbótó bíi bọ́tìnì tó wà lẹ́nu ọ̀nà ìwọlé iná, ti là sí méjì.

Varistor yẹn ló mú mi dúró. Wọ́n kọ 275 sí i lára. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó jókòó jẹ́ẹ́ níwọ̀n ìgbà tí iná kò bá kọjá 275 V, bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, kó gbé e mì. Ó lè gbé ìjayà kékeré mì, bíi ti mànàmáná tó sán lọ́nà jíjìn. Bí fóòtì bá wá ga tó sì dúró sókè, òun ló máa ń bẹ́. Ọmọńlé lè so láífù mọ́ neutral, fíùsì á sì jó. Kò sí bí ọmọńlé ṣe lè sọ 230 V di ohun tó ju 275 lọ.

Mo ṣí ìwé iṣẹ́ mi sẹ́yìn sí oṣù márùn-ún. Èmi tìkára mi ló kọ ọ́, ní ìlà kẹta lábẹ́ ọ̀rọ̀ ọmọńlé: "Varistor tuntun kan." Mo ti pààrọ̀ rẹ̀ láì béèrè ohun tó pa á. Ọmọńlé wá ooru lọ ni, ó kú níbi tí nǹkan ti bẹ́, mo sì gbé ẹjọ́ gbogbo rẹ̀ lé e lórí.

Ọjọ́ Ẹtì, nínú gbọ̀ngàn

Mo ti tún C ṣe, ṣùgbọ́n n kò gbé e dání. Bí mo bá ti fura sí iná gbọ̀ngàn, kí ni mo fẹ́ fi pánẹ́ẹ̀lì tuntun dán wò? Gílóòbù 1000 W kan ṣoṣo ni mo so tààrà mọ́ ẹnu iná C. Mo fi mẹ́rin sórí A, mo fi méjì sórí B, NEPA sì wà. Kí n tó tan nǹkan kan, mítà ka 230 lórí gbogbo wọn, ó dán bí ojú awò. Mo tan gbogbo rẹ̀ tán pátápátá. Ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ́yìn náà: A 199, B 238, C 256. Nọ́mbà náà kò dúró, ó ń mì. Mo ti na ọwọ́ láti pa á nígbà tí gílóòbù C funfun bí mànàmáná, ó sì ró pàù.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Láàárín féèsì méjì, 400 V ló wà níbẹ̀. Neutral ló ń di féèsì kọ̀ọ̀kan mú sí 230. Bí neutral bá já, gílóòbù A àti ti C á di ẹni tó jọ ń pín 400 láàárín ara wọn láìní onílàjà, ẹni tó ní ẹrù tó kéré jù ló sì máa ń gba ìpín tó pọ̀ jù. Nínú eré wọn, C ni wọ́n ń lò kéré jù: iná òṣùpá, iná ẹ̀yìn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé C ló ń kú nígbà gbogbo.

Bàbá tó ń mójútó iná gbọ̀ngàn bá mi lọ sídìí àpótí ìpín-iná lẹ́yìn ìtàgé. A pa iná pátápátá, mo fi tẹ́sítà wò ó lẹ́ẹ̀mejì, a ṣí i. Wáyà féèsì nípọn, 16 mm². Wáyà neutral kò ju 6 mm² lọ, ara rẹ̀ ti yọ́ dé bíi ìka mẹ́rin, lọ́ọ̀gì ẹnu rẹ̀ dúdú bí èédú, bóòtù rẹ̀ sì ń yí lábẹ́ ìka mi láìlo sípánà.

"Ọmọ mi," Bàbá wí, "neutral kì í gbé iná bí féèsì bá dọ́gba. Wọ́n máa ń pa ara wọn rẹ́ níbẹ̀ ni. Gbogbo ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ la ti ń fi wáyà kékeré sí i."

"Òótọ́ lẹ sọ, Bàbá. Fún ẹ̀rọ mọ́tò oníná àti fún gílóòbù lásán, bẹ́ẹ̀ ló rí. Ẹ jẹ́ ká jọ wò ó lórí dímà."

Mo fi wáyà neutral nínípọn so ó fún ìgbà díẹ̀, mo gbé C dé, mo fi gílóòbù 1000 W mẹ́rin sórí àpótí kọ̀ọ̀kan, mo sì fún Bàbá ní mítà ẹlẹ́nu kí wọ́n fúnra wọn gbé e há wáyà. Mo ti iná sókè tán: 17 A lórí féèsì kọ̀ọ̀kan, neutral kò pé 1 A. Bàbá wò mí bíi pé, àbí ìwọ náà rí i? Mo wá fa iná wálẹ̀ sí ìdajì. Féèsì: 13, 13, 12. Neutral: 18.

Wọ́n yọ mítà, wọ́n fọn afẹ́fẹ́ sí i lẹ́nu, wọ́n tún gbé e há a. 18.

"Háà," ni wọ́n wí. "A dín iná kù, neutral wá ń lé sí i?"

Gígé ni. Bí ìgbì iná bá pé, ti féèsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa ń bọ́ sínú àlàfo ara wọn, wọn á sì pa ara wọn rẹ́ sínú neutral. Bí triac bá ti gé e, àwọn ègé náà kì í bára wọn pàdé kí wọ́n tó pa ara wọn rẹ́ mọ́, ńṣe ni wọ́n ń tò tẹ̀lé ara wọn gba neutral kan náà lọ. Ìdajì ló burú jù: níbẹ̀, neutral lè gbé ju féèsì lọ ní ìlọ́po 1.4. Eré a sì máa pẹ́ lórí ìdajì, ìrọ̀lẹ́, ààfin lóru, ẹkún ìyá. Ìràn tó lẹ́wà jù nínú eré náà ló ń jó wáyà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Iṣẹ́ agbára, kò ní ìtàn. Wáyà neutral tuntun 25 mm², lọ́ọ̀gì tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀, a ha ojú bàbà tó ń pín iná títí ó fi dán, bóòtù tuntun pẹ̀lú wọ́ṣà tí kì í jẹ́ kó tú. Mo tún fi ẹ̀rọ kékeré kan sí i tó ń ṣọ́ féèsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tó máa já gbogbo iná bí ọ̀kan bá kọjá 260 V. Bàbá ló di bóòtù náà fúnra wọn. Wọ́n tún fi máàkà kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn àpótí: NEUTRAL Ń GBÉ 18.

Wáyà DMX: wáyà makirofóònù ni wọ́n ń lò láti bọ́ọ̀dù dé ìtàgé. Kò yẹ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n owó kò sí. Mo fi rẹsísítọ̀ 120 ohm sáàárín ẹsẹ̀ 2 àti 3 nínú púlọ́ọ̀gì kan, mo sì tì í bọ ẹnu ìjáde àpótí tó kẹ́yìn. Gbígbọ̀n tó máa ń bá B nígbà mìíràn dáwọ́ dúró. Bí ẹnu wáyà bá ṣí sílẹ̀, ọ̀rọ̀ máa ń lù ú padà bí ohùn nínú àfonífojì, dímà kò sì ní mọ èyí tí yóò gbọ́.

Ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ kò tíì tán. Dímà ń wo ibi tí ìgbì ti kọjá lórí òdo láti mọ ìgbà tó máa ka mìlísẹ́kọ́ǹdù rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré tó tún ń falẹ̀, òdo á máa sún kiri, iná á sì máa jó. Gígé tí dímà ń gé pàápàá tún ń ba ojú ìgbì jẹ́ fún jẹnẹrétọ̀. A pààrọ̀ fítà epo, ó dín kù. A tan àwọn iná tó wà ní ìloro pọ̀ mọ́ ọn kó lè ní ẹrù tí kì í yí padà, ó tún dín kù. Kò tán.

Ọjọ́rú, ìdánrawò

Mo jókòó sí ìlà ẹ̀yìn pátápátá. Ọba kú ní àsìkò ikú rẹ̀. Iná ààfin wà ní ìdajì fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá, mo sì ń sá lọ sẹ́yìn ìtàgé láti fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ara wáyà neutral tuntun: ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò gbóná.

B4 ń kùn. Choke rẹ̀ ni, wáyà tí wọ́n yí mọ́ irin róbótó inú rẹ̀ ti tú díẹ̀, gígé iná sì ń mú un gbọ̀n. Mo fi fánííṣì kùn ún, ó ṣì ń kùn. Obìnrin adarí eré ní kí n fi í sílẹ̀, B4 ni iná igbó, ó ní ó dún bíi kòkòrò. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé: lọ́jọ́ Ajé lẹ́yìn eré, choke B4.